Bàbá Tó Fi Àyà Lélẹ̀ Dá Wolé-wolé Dúró

Bàbá bàbá mi fi wá sílẹ̀ nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, wọ́n sì ti jẹ nínú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n yóò mọ̀ pé wọn kò lè fi iṣu tuntun sílẹ̀ kí àwa tó kù máa dá jẹ ẹ́. Àkàngbé ni ìyá wọn fi ń kì wọ́n, Bàbá Àgbà ni àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n láti abúlé wa, Abà Alágbọn, títí dé Moniya, orúkọ kan ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí: Bàbá Dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ti wí fún mi lẹ́yìn tí wọ́n lọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé ẹni bí àdàbà ni wọ́n. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Àdàbà kọ́! Inú Bàbá Àgbà yára gbóná ju epo orí iná lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé, níbi tí ẹlòmíràn ti máa ń wá igi tàbí òkúta bí inú bá bí i, ilẹ̀ ni àwọn máa ń wá. Wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á ká a sínú àpò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, wọn á sì na gbọọrọ síwájú ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí ẹni náà kò tó ti àbíkẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ti rí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ire tó lè dúró kí arúgbó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ara rẹ̀ á máa yún un, á máa wo òkè bóyá ààrá fẹ́ sán. Awakọ̀ kan da apẹ̀rẹ̀ obì Bàbá Àgbà sílẹ̀ nígbà kan ní Moniya, ó ní ọkọ̀ òun ti kún. Bàbá Àgbà kò bú u. Iwájú táyà ni wọ́n lọ, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀.

Awakọ̀ pariwo. "Bàbá, ẹ dìde o! Ẹ má kó bá mi! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí, ọmọ mi. Mo kàn ń kí ọ ni."

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ ẹni tí arúgbó ń dọ̀bálẹ̀ fún, kí àwọn má lọ bá a pín nínú ohun tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣa obì náà padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé Bàbá Àgbà sí ìjókòó iwájú, ibi tí akọ̀wé àti àlùfáà nìkan máa ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní, "Iwájú ọkọ̀ mà dára o. Ẹni tó bá tún ṣẹ̀ mí lọ́la, n ó ṣàlejò rẹ̀ dáadáa."

Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, kórìíra ìwà yìí nítorí àwọn ló ń fọ aṣọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Ìyá Àgbà, ẹni tí kò fẹ́ àbàwọ́n lára ohunkóhun, Ọlọ́run sì fi ọkọ tó ń fi àyà gbálẹ̀ jíǹkí wọn. "Ọkọ ni mo fẹ́," wọ́n á máa wí bí wọ́n ti ń rún ọṣẹ mọ́ dàńṣíkí, "n kò fẹ́ ẹní." Nígbà míràn wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà lọ wòlíì wọn. Wòlíì sì wàásù lọ́jọ́ kan tí Bàbá Àgbà tẹ̀lé ìyàwó wọn lọ, ó ní bí wọ́n bá gbá ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí o yí tòsì sí i. Bàbá Àgbà, tó ti ń hanrun láti ìgbà orin kejì, la ojú wò ó. "Èwo ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́?" wọ́n ní. "Gbogbo ara ni kó dùbúlẹ̀."

Bí wọ́n ti ń ṣe pẹ̀lú àjèjì náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ará ilé. Pèrègún ni wọ́n fi pa ààlà oko wa àti ti Bàbá Súlè, aládùúgbò wa. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé pèrègún kì í rìn, àmọ́ èyí tó wà láàrin wa ní ẹsẹ̀. Bí òjò bá ti dá, a ó bá a pé ó ti sún wọ inú oko wa díẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá Àgbà ní àwọn yóò lọ la nǹkan mọ́ Bàbá Súlè lórí. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n jókòó. Ọkọ́ ni wọ́n gbé, wọ́n wọ ibi tí Bàbá Súlè gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n ro ó mọ́ tónítóní, wọ́n tún bá a kọ ebè sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Súlè," ni wọ́n ń kígbe láti inú oko. "Mo ní kí n bá yín ro ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí, kí koríko má bò ó!"

Bí koríko bá ti hù padà, wọ́n á tún lọ. Ará abà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ Bàbá Súlè pé àìsàn wo ló ń ṣe é tí ẹni tó dàgbà jù ú lọ fi ń bá a roko. Ìyàwó rẹ̀ kò lè lọ sódò mọ́ láìgbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tó sú u, ó fa pèrègún tu, ó gbé e padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ kọjá ibẹ̀ wọ inú oko tirẹ̀. Inú wa dùn, à ń yọ̀. Bàbá Àgbà wo ilẹ̀ tó lé náà, wọ́n pòṣé. "Ẹ ò rí i pé ó gbẹ̀san? Ó ti fi kún oko tí n ó ro."

Wọn kì í na àwa ọmọdé. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé a máa ń lọ lófẹ̀ẹ́. Bí ọmọ méjì bá jà, igi ìdáná gígùn kan ni wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì jọ rù láti oko, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ti iwájú bá yára, ọrùn ti ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí ti ẹ̀yìn bá dúró, ti iwájú á máa rìn lórí ìdúró. A ó máa bú ara wa títí dé ìdajì ọ̀nà, lẹ́yìn náà á di "rọra o," á di "kòtò wà níbẹ̀ yẹn o," nígbà tí a bá sì fi délé, a ti ń jọ bú Bàbá Àgbà. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín wa. "Ẹ máa bínú lọ," wọ́n á ní, "ẹ ṣáà jọ máa rìn."

Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ìwà yìí. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀gbọ́n kan rí, tó lágbára, tó sì láwàdà ju àwọn lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi ẹmu lọ́jọ́ kan, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́ nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìgbájú ló kọ́kọ́ wáyé, lẹ́yìn náà ẹnìkan na ọwọ́ sí àdá. Ẹnìkan kú. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n sì yẹgi fún un. Ìyá wọn se oúnjẹ dè é lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, nítorí ó ń retí pé kò ní pẹ́ dé, oúnjẹ náà sì wà lórí ààrò títí ó fi bu. Bàbá Àgbà wo ọwọ́ ara wọn. "Àdá mọ ọ̀nà lọ," wọ́n ní, "kò mọ ọ̀nà bọ̀."

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ wolé-wolé ṣe dé bá wọn bí ohun tó ń bọ̀ wá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí òmìnira dé nígbà tí wọ́n gbé wolé-wolé tuntun wá sí agbègbè wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó máa hù sí. Sítáàṣì le lára ṣòkòtò péńpé kakí rẹ̀ débi pé ó ń dún bó bá ń rìn. Ó dé akoto funfun, ó ń gun kẹ̀kẹ́, àkódà kóòtù kan tó dàgbà jù ú lọ dáadáa a sì máa sáré tẹ̀lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo àyíká ilé bó bá mọ́, kó sì wo inú àmù omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jó nínú omi, tí wọ́n á di ẹ̀fọn bó bá yá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, bí wọ́n bá rí tanwíjí, wọ́n á ní ká da omi náà nù. Èyí kò ní sùúrù yẹn. Ó ní ọ̀pá kan tí wọ́n fi irin dé lórí. Bó bá ti rí ẹyọ tanwíjí kan péré, gbà! Àmù ti fọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò tó wà nítòsí ti gbẹ, ibi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi jìnnà débi pé ẹni tó bá lọ nídàájí, oòrùn ló máa bá a padà sílé. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, Bùọ̀dá Àlàní, wà nínú oyún tó ti ga. Ó pọn omi tirẹ̀ pẹ̀lú ikùn yẹn, ó dà á sínú àmù, kò tíì fi ìdí kan ilẹ̀ tí wolé-wolé fi wọlé, tó yọjú, tó ní òun rí tanwíjí, tó sì gbé ọ̀pá sókè. Àmù fọ́, omi náà sì ṣàn gba ìdí rẹ̀ jáde. Obìnrin náà jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ náà, ó ń sunkún. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ènìyàn gíga ni Bùọ̀dá Àlàní, àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró àdá lára òkúta. Àwọn ọ̀dọ́ abà lọ bá a níbẹ̀. Wọ́n ní bí wolé-wolé náà bá tún fi kẹ̀kẹ́ wọ Abà Alágbọn, kẹ̀kẹ́ nìkan ló máa padà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí Bàbá Àgbà tí wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti àdá lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ dá lọ. Wọ́n rìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé lójú títì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé kan jáde, ó wò wọ́n, ó gbẹ́sẹ̀ ré wọn kọjá bí ẹni ré igi kọjá, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà, ó tún ré wọn kọjá. A gbọ́ ọ kí wọ́n tó délé, Ìyá Àgbà sì ti ń sunkún sórí gèlè. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà wọlé bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Mo ti mọ àṣìṣe mi," wọ́n ní. "Bí ẹnìkan bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ó ń bẹ̀bẹ̀. Bí gbogbo abà bá dọ̀bálẹ̀, wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n máa pè é."

Ìpàdé di ilé Baálẹ̀. Àwọn ìyá kan ní kí wọ́n fi wolé-wolé náà gégùn-ún, ó pé, ó yá. Bàbá Àgbà kọ̀. "Àdá ni èpè náà," wọ́n ní. "Ẹnu ni àkọ̀ rẹ̀." Ẹnìkan béèrè pé bó bá nà wá ńkọ́? Wọ́n ní kó nà wá. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè ló ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́. Baálẹ̀ ní òun fara mọ́ ọn, àfi ìṣòro kan: Baálẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀sán gbáko. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé Baálẹ̀ kò ní dọ̀bálẹ̀. Yóò kàn sùn díẹ̀ ni, nítorí ó rẹ̀ ẹ́, bó bá sì jẹ́ pé àyà ló fi sùn, ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni.

Wọ́n kọ́kọ́ dánra wò. Ẹ̀yin ìbá rí àwọn bàbá ọ̀hún! Ẹni tó bá lọ sílẹ̀, dídìde á di iṣẹ́ ènìyàn méjì. Bàbá Súlè, tó ti di ọ̀rẹ́ wa láti ìgbà ọ̀rọ̀ pèrègún, ní ìbàdí òun kò gba nínà, pé ṣé òun lè fi ẹ̀gbẹ́ kan dọ̀bálẹ̀. Bàbá adẹ́mu lọ sílẹ̀ tán, ó sì sùn lọ. Ìgbà tí wọ́n jí i, ó ní òun rò pé a ti ṣe é tán.

Bùọ̀dá Àlàní dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìríra. "Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà yín," ó ní.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn. "Mo ti sin òkú ẹni tí wọn kò gbé òkú rẹ̀ fún wa. Ìwọ ni ẹ̀rù rẹ ń bà mí, Àlàní. Gbé àdá yẹn sílẹ̀."

"N kò gbé e sílẹ̀," ó ní, ó sì jáde lọ.

Lọ́jọ́ tí wolé-wolé tún wá, a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Bùọ̀dá Àlàní àti àwọn ọ̀dọ́ ti wà nínú igbó obì. Bàbá Àgbà ká fìlà. Àwọn bàbá tò láti ìdí àgbọn ńlá ẹnu abà títí kan ọgbà Baálẹ̀, wọ́n na gbọọrọ, kò sí àlàfo tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá. Baálẹ̀ sùn sáàárín wọn, ó la ojú sílẹ̀. Àwọn ìyá kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, àwa ọmọbìnrin àti àwọn ìyàwó ilé sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ọmọ wa!" ni gbogbo abà kí i.

Kẹ̀kẹ́ dúró gbọ̀n-ọ́n. Wolé-wolé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá!" Kò sí ẹni tó dìde. Ó yíjú láti padà, àwa ọmọbìnrin àti àwọn ìyàwó ilé ti sún wá dí ẹ̀yìn rẹ̀, àwa náà wà lórí ìkúnlẹ̀, à ń kí i káàbọ̀.

Àkódà ló kọ́kọ́ ṣubú. Ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ ìyàwó láti abà kejì, Bàbá Àgbà sì ti lọ bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ wá. Bó ti rí àna rẹ̀ lórí orúnkún pẹ̀lú ewú lórí, ó ké "Yéè!" ó sì da ara rẹ̀ sílẹ̀ bí àpò iṣu. Ó wá ku wolé-wolé nìkan lórí ìdúró. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ṣí akoto, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí," ó sì dọ̀bálẹ̀, òun, kakí àti sítáàṣì.

Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ọmọdé tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kò gbọ́dọ̀ dìde títí àgbà á fi ní kó dìde, àgbà kankan kò sì ṣe tán láti sọ bẹ́ẹ̀. Òun àti Bàbá Àgbà dojú kọra nínú eruku.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde."

"Dìde kẹ̀? A ò tíì kíra tán. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, bàbá."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, bàbá."

"Ṣé wọ́n ní àmù?"

"Wọ́n ní i, bàbá."

"Ta ló ń pọn omi sí i?"

"Àwọn fúnra wọn ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tanwíjí wà nínú àmù tiwa lóòótọ́," Bàbá Àgbà ní. "Mo wò ó. Ìdí ni wọ́n fi ń jó. Bó o bá ní ká da omi nù, a ó dà á nù. Bó o bá ní ká fi aṣọ bo ẹnu àmù, a ó bò ó. Ìwọ náà, sọ èyí tí ìwọ máa ṣe."

Kó tó dáhùn, igbó mì. Bùọ̀dá Àlàní nìkan ló jáde, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ yòókù kò tẹ̀lé e.

Gbogbo abà ló wà nílẹ̀, òun nìkan ló dúró. Ọ̀nà rẹ̀ là gbọọrọ. Ọrùn wolé-wolé wà níbẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ́jú, kò lè sá, àwa la sì so ó mọ́lẹ̀ fún un bí ẹran. Mo rí i lójú àwọn ìyá pé àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ohun tí a ṣe.

Bàbá Àgbà kò dìde. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara wọn síwájú nínú eruku títí orí wọn fi kan orí ọmọkùnrin náà, tó fi jẹ́ pé àdá tó bá wá fún ọ̀kan á mú èkejì.

"Àlàní," wọ́n ní, "gbogbo wa ti kí àlejò. Ó ku ìwọ."

"Bàbá, ẹ dìde kúrò níbẹ̀."

"N kò dìde."

"Bàbá!"

"Mo ní n kò dìde. Bó o bá máa ṣe é, ọrùn tèmi ló sún mọ́ ọ jù."

Omi ń bọ́ lójú Bùọ̀dá Àlàní, ó ń fi èjìká nù ún, kò sì gbé àdá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ẹni tí wọ́n fọ́ àmù rẹ̀, sọ̀rọ̀ láti àárín àwọn tó kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí ikùn.

"Bàálé mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pinnu. Ọmọ yín ń ta mí nípàá, orúnkún mi sì ti wà lórí èkùrọ́ láti àárọ̀."

Àkódà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, sínú ilẹ̀, eruku sì fọ́n sókè. Baálẹ̀ tẹ̀lé e, ẹni tó yẹ kó ti sùn. Lẹ́yìn náà, a kò mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tó ń sunkún mọ́. Bùọ̀dá Àlàní wo ìyàwó rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ arúgbó nínú eruku, ó sì rí i pé òun dúró lé bàbá òun lórí. Àdá bọ́. Ó lọ sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Bàbá Àgbà gbé orí sókè, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde, gbogbo yín," wọ́n ní. "Kí ẹnìkan wá fà mí sókè."

Wolé-wolé náà kò fọ́ àmù mọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìsàlẹ̀ ọ̀nà ló ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á máa pariwo pé, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o! Èmi ni! Mo ti dọ̀bálẹ̀ tèmi níbí!" Ó kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ẹnu àmù, ibà ọmọdé sì dín kù láàrin wa, Bàbá Àgbà kì í jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn náà. Àwọn abà yòókù gbọ́, wọ́n wá wo bí a ti ṣe é, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í na gbọọrọ sójú ọ̀nà. Wolé-wolé kan sá padà dé Moniya láìwo ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí àṣẹ fi jáde láti ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n máa da omi nù, kí wọ́n sì ṣàlàyé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ́ àmù obìnrin mọ́. Mi ò rí ogun kankan rí tí ó parí báyẹn, tí ẹni tó borí sì ní kí wọ́n fi òróró pa ìbàdí òun.

Nígbà tí Bàbá Àgbà lọ, Bùọ̀dá Àlàní ló gbẹ́ ilẹ̀. Ó kọ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbé ẹsẹ̀, òun ló gbé orí, òun ló kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Ní alẹ́, bí àwọn àlejò ti ń sọ pé ọkùnrin yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀, ó mi orí.

"Irọ́ ni," ó ní. "Wọ́n bá mi jà. Nínú ìjàkadì tí gbogbo wa mọ̀, ẹni tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n dá. Bàbá mi ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni wọ́n dá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, eruku ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Bí wọn kò bá dá mi," ó ní, "ta ni ìbá sin wọ́n?"